Búùlù Mẹ́ta fún Ìdí-Igi Mẹ́ta

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹbí kan mọ bàbá wọn, kó dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín ogún rẹ̀. Èmi dúró. Mo rí i. Inú mi ò tíì rọ̀ títí di òní, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ó ti rọ̀.

Bàbá mi kì í ṣe olówó. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, wọ́n ń rán an kiri abúlé láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òwú, títí ó fi fẹ̀yìn tì tó padà sí Bantè, ìlú wa. Ó ní ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, ó ní oko kajú tí kò tóbi, ó ní alùpùpù kan tó ń rú èéfín bí ilé ìdáná, ó sì ní àpò aláwọ kan tí búùlù mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní pẹtáńkì. Àwọn Faransé ló fi í sílẹ̀ fún wa nígbà tí wọ́n ń kó àwọn nǹkan tó dáa lọ. Wọ́n á ju igi róbótó kékeré kan sílẹ̀, tí kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Ẹgbẹ́ méjì á wá máa ju bọ́ọ̀lù irin, òun là ń pè ní búùlù, kí tiwọn lè sún mọ́ igi náà ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, asúnmọ́ ni ẹni tó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sún tirẹ̀ mọ́ igi. Ẹnì kejì rẹ̀ là ń pè ní ọdẹ. Bí búùlù ẹgbẹ́ kejì bá ti sún mọ́ jù, ọdẹ á sọ tirẹ̀ láti òkè, á lù ú dànù. Bí ọdẹ náà bá mọṣẹ́, búùlù tirẹ̀ á jókòó síbi tí ti ọ̀tá ti dìde. Ọdẹ ni bàbá mi. Ọdẹ lèmi náà. Bí eré bá jẹ́ ti èèyàn méjì sí méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní búùlù mẹ́ta. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Bàbá mi ní ọwọ́ kékeré. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ ìyàwó tuntun ni Ọlọ́run ṣèèṣì fi sí i lápá. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, mo gbé oúnjẹ lọ bá a nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń ta pẹtáńkì, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ilé tí ìjọba ń kó òwú sí látijọ́. Mo ṣáà mú búùlù rẹ̀ kan nílẹ̀. Bí mo ṣe pa ìka dé, ó wọ̀ mí lọ́wọ́ wẹ́kú. Bàbá mi wo ọwọ́ mi, ó wo tirẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Háà! Ibi tí ọwọ́ mi gbà nìyí!" Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti di ọdẹ.

Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á ní, "Irú obìnrin wo ló ń sọ irin kiri? Ta ni yóò dáná?" Bàbá mi á ní, "Ẹ jẹ́ kó lù yín tán ná, yóò lọ dáná." Mo sì máa ń lù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni n óò wá lọ dáná, àbí ta ni yóò bá mi dá a?

Kò sí ohun tí bàbá mi mọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń yan búùlù. Ó ní kí n di ọ̀kan mú, kí n jẹ́ kí apá mi so sílẹ̀, kí n pa ojú dé. Bó bá ń fa èjìká rẹ, ó wúwo jù fún ọ. Bó o bá gbàgbé pé ó wà lọ́wọ́ rẹ, ó fúyẹ́ jù. Bí ìka rẹ bá ń nà tantan kí wọ́n tó yí i ká, ti ẹlòmíràn ni, gbé e sílẹ̀. Gbólóhùn yẹn kì í tán lẹ́nu rẹ̀: ti ẹlòmíràn ni, gbé e sílẹ̀. Ó ní asúnmọ́ lè fẹ́ èyí tó wúwo, tí ìlà pọ̀ lára rẹ̀, kó lè di ilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n irin tó rọ̀ ni ti ọdẹ, nítorí pé bí irin líle bá ti lu nǹkan, ó ti ta dànù nìyẹn, ìwọ àti ọ̀tá rẹ lẹ jọ pàdánù.

Ilẹ̀ tún ńkọ́? Ilẹ̀ pupa la fi ń ta á ní Bantè, ó le, òkúta wẹ́wẹ́ sì kún ojú rẹ̀. Búùlù líle á máa fò lórí rẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n da omi gbóná lù. Ní Savalou, nísàlẹ̀ àpáta níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje, iyanrìn ni. Búùlù tó wúwo jù á balẹ̀ síbẹ̀, á rì, kò ní lọ síbì kankan mọ́. Ti bàbá mi gba ilẹ̀ méjèèjì. Wọ́n kéré, wọ́n rọ̀, wọn kò wúwo jù, ìlà méjì péré ló yí wọn ká, wọ́n sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n tẹ̀ sára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Kùtọnu ló ti lọ yàn wọ́n. Ó ní àwọn tó ń dán gbinrin wà níbẹ̀, òun fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. "Búùlù kì í ṣe ti ojú," bàbá mi ló wí bẹ́ẹ̀. "Ti ọwọ́ ni." Irin lásán ni wọ́n, wọ́n máa ń dípẹtà, nítorí náà bí eré bá ti parí, á mú àkísà tó ti fi òróró ẹ́ńjìnnì rin, á nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó kó wọn sápò.

Ọyẹ́ ló mú un lọ. Ikọ́ kan báyìí tí gbogbo wa rò pé eruku ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí jókòó láti pín ogún. Ìdí-igi la fi ń pín in nílé wa: wọn kì í wo iye ọmọ, iye ìyàwó ni wọ́n ń wò. Ilé ìyá kan, ìpín kan. Ìyàwó àkọ́kọ́ ló bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ta ìṣó àti páànù ní Savalou. Ìyá mi ni ìyàwó kejì, èmi nìkan ló bí. Ìyàwó kẹta bí àbúrò mi obìnrin, tó wà nílé ọkọ ní Akpassi. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ló ṣe olórí ìpín náà. Èèyàn dáadáa ni. Ì bá tiẹ̀ sàn ká ní ìkà ni, ǹ bá rí ẹni bú.

Wọ́n pín yàrá, wọ́n fi okùn wọn oko kajú, wọ́n pín aṣọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ parí, Bàbá Kékeré fa àpò aláwọ náà sún mọ́ra, ó tú u, ó wo inú rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí ẹní.

"Ẹ wá wo iṣẹ́ àgbà! Ẹ̀gbọ́n mi ti pín èyí sílẹ̀ fún wa kó tó lọ. Ìyàwó mẹ́ta, irin mẹ́ta!"

Àwọn àgbà mi orí, wọ́n ń kan sáárá sí òkú. Ara mi gbóná wàì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹyọ kan ni gbogbo wọn. Wọn kì í pín wọn. Ta ló ń pín bàtà, kó fún ẹni kan ní ọ̀tún, kó fún ẹlòmíràn ní òsì?"

"Bàtà jẹ́ méjì," ó ní. "Mẹ́ta nìyí."

"Kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀kan ṣe ohunkóhun!"

"Kí ló dé tó ò lè fi ọ̀kan rántí bàbá rẹ? Ṣé ó dìgbà tó o bá kó gbogbo rẹ̀ kó o tó rántí rẹ̀?"

Mo ní kí wọ́n gba ìpín oko kajú mi, kí wọ́n pín in fún àwọn méjì yòókù, kí wọ́n fún mi ní búùlù. Ariwo sọ. Ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ fi oko sílẹ̀, ṣé irin lásán ni? Ìyá àgbà kan mú ọ̀kan, ó gbé e sétí, ó mì í, bóyá wúrà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí kò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀ láti àárọ̀, na ọwọ́ ńlá rẹ̀, ó mú tirẹ̀ kúrò lórí ẹní, ó fi sápò.

Bàbá Kékeré fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bí mo bá kó o fún ilé kan, lọ́la wọ́n á ní ilé yẹn ni bàbá fẹ́ràn. Mi ò ní fi ọwọ́ ara mi dá ìjà sílẹ̀ kí èmi náà wá kú lọ." Ìyá mi já mi léèékánná lẹ́yìn, ó ní, "Gba tìrẹ, kó o panu mọ́." Mo gba tèmi. Àbúrò mi gba tirẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹun.

Alábàáṣe bàbá mi ni tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, Mẹ́tìrì là ń pè é. Òun ni asúnmọ́, bàbá mi sì ni ọdẹ rẹ̀, láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ti dúdú. Nígbà tí wọ́n kéde ìdíje Savalou, tí yóò wáyé lẹ́yìn òjò, Mẹ́tìrì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo ti ń ránṣọ. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò tíì mú ẹnikẹ́ni dípò bàbá rẹ. Ipò náà wà fún ọ. Ṣùgbọ́n wá búùlù o." Ohun tí mo fẹ́ láyé yìí ò ju ìyẹn lọ: kí n dúró níbi tí bàbá mi ń dúró sí, kí irin rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kí àwọn ará Savalou tó mọ̀ ọ́n rí i pé kò tíì tán.

Mo kọ́kọ́ lọ wá tuntun. Ọkùnrin Nàìjíríà kan wà ní Savalou tó ń ta gbogbo nǹkan, láti jẹnẹrétọ̀ dórí bọ́ọ̀lù aláfẹ̀sẹ̀gbá, àgbá epo bẹntiróò sì wà níwájú ilé rẹ̀. Ó gbé páálí kan jáde, ó ṣí i. Búùlù mẹ́ta inú rẹ̀ ń kọ mànà. "Màdáámù, ẹ wo bó ṣe ń dán! Ẹ lè wojú yín nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sóde." Mo mú ọ̀kan, mo jẹ́ kí apá mi so sílẹ̀, mo pa ojú dé. Ọkùnrin náà rò pé àdúrà ni mò ń gbà, ó ní, "Àmín." Ìka mi nà tantan, wọn ò pàdé. Èjìká mi ń já bọ́.

"Ṣé kò sí èyí tó kéré?"

"Tọmọdé lẹ fẹ́ ni? Màdáámù, irin ni gbogbo ẹ̀ o. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá á mọ̀ ọ́n gbá."

Kò sí òmíràn. Kùtọnu jìnnà, ìdíje ti ń sún mọ́lé, aṣọ àwọn oníbàárà sì wà lórí ẹ̀rọ mi. Mo rà wọ́n, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rà wọ́n ni mò ń gbọ́ ohùn bàbá mi: ti ẹlòmíràn ni, gbé e sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ni mo ń sọ wọ́n lórí ilẹ̀ pupa wa, ọrùn ọwọ́ mi wú. Bí mo bá lu búùlù ọ̀tá, ti ọ̀tá á lọ, tèmi náà á fò tẹ̀lé e, ó tún lè lu tiwa lọ́nà. Mẹ́tìrì á kàn húkọ́.

Ìgbà náà ni mo pinnu láti lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi.

Bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo rí i lórí káńtà, nínú àwo kékeré onídígí. Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi ti kun búùlù bàbá mi ní ọ̀dà góòlù, ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun géètì àwọn olówó. Ìlà méjèèjì ti dí. Nọ́ńbà náà ti dí. Mo kí i, ó dá mi lóhùn, ó fún mi lága. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi. Ìdíje yìí nìkan. Bó bá ti parí, n óò dá a padà, n óò tiẹ̀ fi ọ̀dà kùn ún padà fún yín."

"Ogún mi ni. Ṣé mo ti wá béèrè tìrẹ rí?"

"Ṣùgbọ́n ẹ kì í ta pẹtáńkì!"

Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ó gbé ìwọ̀n tó ń lò sílẹ̀. "Ta ló ní kí n má ta á?" ó ní. "Bi mí. Ta ló ní kí n má ta á?"

Òun fúnra rẹ̀ ló dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó ní nígbà tí irùngbọ̀n òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, òun mú búùlù kan nílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, bí èmi náà ṣe wá mú un lẹ́yìn náà. Bàbá gbà á lọ́wọ́ òun. Bàbá ní ọwọ́ òun tóbi jù fún un, pé ọwọ́ àwọn ará ilé ìyá òun ni òun gbà, pé ti ẹlòmíràn ni, kí òun gbé e sílẹ̀.

"Ó parí síbẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Kò ra èyí tó tóbi fún mi. Ó ń lọ Kùtọnu, ó ń bọ̀ láti Kùtọnu. Bó bá ti dé, àpò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Mo wò ó títí mo fi gbéyàwó. Ìwọ wá dé, ìwọ obìnrin, ó ní ibi tí ọwọ́ òun gbà nìyẹn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn igi ni mo wà, o ò rí mi."

Mo bínú sí i. Mo bínú gan-an, nítorí pé kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Mo mọ ohùn bàbá mi nínú ọ̀rọ̀ náà bí ẹni mọ ohùn alùpùpù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ irin ni bàbá mi ń sọ, kì í ṣe ti ọmọ. Mo mọ̀ pé irin nìkan ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀? Bàbá tó mọ ìwọ̀n ọwọ́ gbogbo ọkùnrin Bantè, tí kò wá ìwọ̀n ti ọmọ tirẹ̀ bọ̀ láti Kùtọnu. Ká ní ó wà láyé, ǹ bá gbé ìbínú náà lọ bá a. Òkú ni, ta ni n óò gbé e bá?

Síbẹ̀ mo tún ní, "Ẹ fún mi ná, ẹ̀gbọ́n." Ó ní rárá. Oníbàárà wọlé, ó yí padà sí i.

Mo gba Akpassi lọ lórí ọ̀kadà. Àbúrò mi ń sun kajú lẹ́yìn ilé. Búùlù tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ, ó ti dípẹtà, ó ń fi í pa èkùrọ́. Bí mo ṣe sọ ohun tí mo bá wá, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. "Ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ò kúkú mọ bàbá tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́njú, wọ́n ti darúgbó." Ó tún bu èkùrọ́ sínú ọ̀rá fún mi. Ẹni tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ bàbá náà ni kò ní ìkanra nínú. Mo fi òróró ẹ́ńjìnnì nù ún títí ìpẹtà fi lọ, mo gbé e ti tèmi. Wọ́n di méjì.

Ṣùgbọ́n méjì kì í ṣe mẹ́ta. Bí ìdíje bá tó ìdíje, adájọ́ máa ń yẹ nọ́ńbà ara búùlù wò, kò sì ní gbà kí o kó ọmọ ìyá méjì wá kí o fi àlejò kan kún wọn. Mẹ́tìrì wo méjèèjì pẹ́, ó fọwọ́ pa wọ́n lára, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Kò burú. A ó fi àwọn tó ń dán yẹn ta á."

Ọjọ́ ìdíje, èrò pọ̀ nísàlẹ̀ àpáta. Àwọn méjì kan láti Tchetti ni wọ́n kọ́kọ́ fi wá kò. Mẹ́tìrì sún tirẹ̀ mọ́ igi dáadáa, ti asúnmọ́ wọn tún sún mọ́ ọn ju tirẹ̀ lọ, ó wá ku ọdẹ. Mo bọ́ síwájú. Mo dúró gẹ́lẹ́ bí bàbá mi ṣe máa ń dúró. Mo sọ ọ́. Búùlù ńlá yẹn yọ̀ lọ́wọ́ mi, kò débẹ̀, ó rì sínú iyanrìn. Mo sọ èkejì, ó rì. Ìkẹta lọ lu ti Mẹ́tìrì, ó lé e dànù. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní èdè Mahi lẹ́yìn mi, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ Mahi tó láti mọ ohun tó sọ: ó ní kí wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ kí n lọ ránṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń lọ títí wọ́n fi lù wá kúrò. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ẹ̀gbọ́n mi láàárín èrò. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun bọ̀, ó wọ sùtánà wọn, kò wọ bàtà, ó káwọ́ lẹ́yìn. Ó wo gbogbo rẹ̀ títí tó fi parí. Lẹ́yìn náà ó lọ.

Mẹ́tìrì ò bú mi. Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà, ó ní, "Irin yẹn kì í ṣe tìrẹ, ọmọ mi." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo bá ibi tí à ń ta á kọjá, mo rí i tí òun àti ọmọkùnrin ṣọ́jà kan jọ ń ta á. Ó rí mi, ojú tì í, ó wá bá mi lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní, "Dákun, má bínú. Mo ti dàgbà. Asúnmọ́ ò lè dúró de ọdẹ tí kò níbọn." Mo ní mo gbọ́, sà. Mo sunkún délé, ẹkún ìbínú ni.

Mi ò fẹ́ rí àwọn búùlù dídán yẹn lójú mọ́. Mo gbé wọn lọ sí Savalou, mo kó wọn sórí káńtà ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe ẹ̀bùn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Mo kàn ń wá ibi tí n óò gbé ìyà yẹn sọ̀ sí. Mo ní, "Ẹ wò ó bóyá ó bá yín lọ́wọ́ mu."

Kò fọwọ́ kàn wọ́n. Mo mú ọ̀kan, mo fi sí i látẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ ńlá yẹn pa dé, ìka sì pàdé ìka. Ó jẹ́ kí apá rẹ̀ so sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, ó ṣáà jẹ́ kó so sílẹ̀, ó pa ojú dé. Ọdẹ ni ẹ̀gbọ́n mi ì bá jẹ́. Mo rí i kedere níbi tí mo dúró sí, ó sì dùn mí ju bí wọ́n ṣe lù wá lọ.

Nígbà tó lajú, ó ní, "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn," ó ní. Ó gbé e sílẹ̀. Kò fún mi ní ti bàbá mi tó wà nínú àwo, èmi náà ò tún béèrè. Mo lọ.

Ní báyìí, búùlù méjì ni mò ń lò. Bí eré bá jẹ́ ti ẹni mẹ́ta sí mẹ́ta, méjì-méjì lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ń mú, wọ́n sì máa ń pè mí nígbà tí ẹnì kan ò bá wá. Mo ṣì ń lù wọ́n. Ṣùgbọ́n ti ẹni méjì sí méjì, tí bàbá mi ń ta, mo ti fi sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ìjì ká páànù ṣọ́ọ̀bù mi, mo lọ ra ìṣó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń dá bàbá arúgbó kan lóhùn. Mo wòkè. Ó ti kan pákó mọ́ ògiri, ó to búùlù dídán mẹ́ta yẹn sórí rẹ̀, ó sì ti kun àwọn náà ní góòlù. Kékeré ti bàbá mi wà níwájú wọn. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi ta pẹtáńkì mọ́ nínú wọn. Bàbá arúgbó náà nàka sí wọn, ó ń béèrè ohun tí wọ́n jẹ́.

"Bàbá mi ló rà wọ́n fún mi," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ó ní ọwọ́ mi tóbi. Ó wá gbogbo Kùtọnu ká títí ó fi rí èyí tó bá a mu."

"Bàbá gidi nìyẹn," arúgbó náà ní.

"Bàbá gidi ni."

Ó yí padà, ó rí mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú kan lórí ìwọ̀n. Arúgbó náà wo èmi, ó wo òun, ó rí i pé a jọra, ó bi mí bóyá mo mọ bàbá náà.

Gbogbo ohun tó wà nínú mi dìde wá sí ẹnu mi: àpò aláwọ, ẹní ìpín ogún, ọ̀rọ̀ Mẹ́tìrì lẹ́bàá ọ̀nà. Mo gbé e mì. Ó korò.

"Mo mọ̀ ọ́n," mo ní. "Èmi ni bàbá fi wọ́n rán sí ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó bi mí pé irú ìṣó wo ni mo fẹ́.